Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Ìmọ́lẹ̀

 

Bí ìmọ́lẹ̀ pupa bá gba inú gíláàsì kọjá, pupa náà ló máa jáde. Ṣùgbọ́n ní 1961, Peter Franken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan, Amẹ́ríkà, tan ìmọ́lẹ̀ lésà pupa sínú òkúta quartz. Gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 694 nànómítà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde ní 347, ìdajì géérégé! Àmì tuntun náà kéré débi pé, wọ́n ní, àwọn tó tẹ ìwé náà rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n sì nù ún kúrò nínú àwòrán.

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ohun tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ju quartz lọ. Wọ́n rí i lára àwọn mólékù oníkábọ́nù kan, àti lára pólímà, ìyẹn àwọn nǹkan bí ike. Irú pólímà bẹ́ẹ̀ lè gbé ìròyìn kúrò lórí iná mànàmáná sórí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú okùn íntánẹ́ẹ̀tì.

Báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n? Àwọn mólékù inú pólímà máa ń kọjú síbi tó wù wọ́n, èyí ń pa agbára èkejì. A ó mú un gbóná títí yóò fi rọ̀, a ó fi iná alágbára tò wọ́n sójú kan, a ó sì jẹ́ kó tutù kí a tó paná. Lẹ́yìn náà la ó tan lésà sí i, tí a ó fi ìmọ́lẹ̀ tuntun tó jáde wé ti quartz. Quartz ni kóńgò wa.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà kan, 0.5 pm/V ni wọ́n kà sí agbára quartz. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé 0.3 ni. Ẹ̀yin náà mọ kóńgò gààrí tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tó fi kóńgò àtijọ́ kọ 50 sílẹ̀, 30 péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1991, Koen Clays àti André Persoons, ní Leuven, Belgium, fi ọ̀nà mìíràn hàn: wọ́n ń wọn mólékù inú omi láìtò wọ́n rárá. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ àwọn mólékù kan a máa tan ìmọ́lẹ̀ tara wọn. Bí a kò bá yà á sọ́tọ̀, a ó kà á mọ́ èyí tí à ń wá, iye náà á sì wú.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ máa ń bi wá pé, "Báwo lo ṣe rí i?" Ìbéèrè yẹn kò tíì gbó o. Bí ẹnikẹ́ni bá kó iye ńlá wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè kóńgò tó fi wọ̀n ọ́n.