Omi Kejì Lára Èérí Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ìlú ní ìpàdé ọdọọdún)

Àwọn tí ó ṣáájú wa ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà àti lórí ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ tiwa kéré lójú, ṣùgbọ́n àgbàlá wa ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ èérí tí apọntí ń dà nù lẹ́yìn tí ó bá sẹ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rẹ̀ tán ni.

Owó ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyá wa fi rán wa lọ sí ilé-ìwé títí a fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Nítorí náà, a kò lè fi ojú ẹ̀gàn wo ìkòkò ọtí. Bí a ti ń pọn ọ́n kò ṣàjèjì sí púpọ̀ nínú yín: a ó rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀, a ó fi ewé bò ó títí yóò fi hù, a ó sá a sí oòrùn, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó ru. Àwọn ìbátan wa Ewe ní Tógò àti Gánà ń fi irú àgbàdo híhù kan náà ṣe ohun mímu tí wọ́n ń pè ní liha.

Kí ni ìdí tí àgbàdo fi gbọ́dọ̀ hù kí a tó pọn ọ́n? Bí ó bá ti ń hù, èròjà kan yóò jí nínú rẹ̀ tí í máa sọ ìyẹ̀fun inú ọkà di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni ìwúkàrà ń jẹ tí omi náà fi ń di ọtí. Omi àkọ́kọ́ kó púpọ̀ nínú ṣúgà náà lọ, ṣùgbọ́n kò kó o tán. Ẹ fi èérí náà sẹ́nu, ẹ ó rí i pé ó ṣì dùn. Àwọn ará Ìlú Ọba mọ èyí láti ayébáyé. Láyé àtijọ́, omi àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń pọn ọtí líle. Wọn a sì tún da omi gbígbóná sórí ọkà kan náà láti pọn ọtí fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìránṣẹ́ àti alágbàṣe. Ọtí kékeré ni wọ́n ń pè é ní èdè tiwọn.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Bí kóńgò 4 àgbàdo híhù bá gba omi gálọ́ọ̀nù 5 lákọ̀ọ́kọ́, gálọ́ọ̀nù 2 péré ni kí a dà sórí èérí rẹ̀. Ọjọ́ tí a sẹ́ ọtí náà gan-an ni kí a ṣe é, nítorí èérí tútù kì í pẹ́ kan nínú ooru etí ọ̀sà wa. Kí omi náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò fi lè dúró nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe hó: bí a bá ka omi híhó sí 100, kí ó wà ní nǹkan bí 65. Kí a wá bu ẹ̀kúnwọ́ méjì ìyẹ̀fun àgbàdo híhù tí a kò tí ì sè sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé iná àkọ́kọ́ ti pa èròjà inú ọkà tí a sè. Ti ìyẹ̀fun tuntun yìí ni yóò sọ ìyẹ̀fun tí ó ṣẹ́kù nínú èérí di ṣúgà. Kí a bò ó fún wákàtí kan, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì se omi rẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí. Nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tí a pọn ṣáájú sí i, nítorí inú rẹ̀ ni ìwúkàrà ń gbé. Ní ọjọ́ kejì, ó ti di mímu. Kí a má ṣe dé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ pa, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà fọ́ ọ; kí a sì mu ún tán láàrin ọjọ́ méjì, nítorí ọtí tí kò le tètè ń kan. Kò le, ṣùgbọ́n ọtí náà ni. Kì í ṣe ti ọmọdé.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Inú apẹ̀rẹ̀ tí àgbàdo ti ń hù ni ó ti lè bu. Èyí tí ó bá bu, ẹ ṣà á dànù. Ní Ìlú Ọba ní 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó bu. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti dá májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin mọ̀. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní 2004, májèlé kan náà láti inú àgbàdo pa ènìyàn 125. Sísè kì í pa á.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí ó dùn wá jù ni èyí tí a fojú ara wa rí. Ní ọdún kan tí àgbàdo wọ́n, ìyá wa da omi kejì pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, ó sì tà á ní iye kan náà. Apẹja kan wà tí í máa mu igbá kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé igbá kalẹ̀, ó san owó rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun. Kò padà wá mọ́. Kí oṣù náà tó parí, àwọn yòókù ti tẹ̀ lé e. Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwa àti àbúrò wa jókòó sílé ní sáà yẹn, nítorí owó ilé-ìwé kò sí.

Lẹ́yìn náà, ìyá wa ya ìkòkò méjèèjì sọ́tọ̀. Ó so màrìwò mọ́ ọrùn ìkòkò omi kejì, ó ń tà á ní ìdajì owó, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá dé pé, "Omi kejì ni o." Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Apẹja náà ni ó kọ́kọ́ padà: ó ra igbá kan ti àkọ́kọ́ fún ara rẹ̀, ó sì ra ti omi kejì fún àwọn alágbàṣe tí ń bá a tún àwọ̀n ṣe. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò kejì ni ó ń san owó ìwé wa.

Èérí tí ó bá wá ṣẹ́kù, ẹ fún ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́. Ní 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà bálì wọ ilẹ̀ wa, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí ńláńlá pàápàá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Èérí tiwọn kì í sì í ṣòfò, àwọn ọlọ́sìn ń rà á.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ mú ohun tí ó kù lára èérí yín, ṣùgbọ́n ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ẹ bá wálé fún ọdún, tí ẹ rí ìkòkò tí a so màrìwò mọ́, ẹ rà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí owó ìwé ọmọ kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí Ajido ó máa gbèrú.