Kíkó Kúrò ní New York Lọ sí Houston

Ní ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìròhìn kan a máa dé láti Amẹ́ríkà tí ń mú kí àwọn òbí fọwọ́ lẹ́rán. Ọmọ tí ó ti ń gbé New York láti ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò ránṣẹ́ pé òun àti ìyàwó òun ń palẹ̀ mọ́, pé àwọn ń kó lọ sí Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ náà. Bàbá tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí a máa rò pé nǹkan ti bàjẹ́ fún ọmọ òun, nítorí pé lójú tirẹ̀, ẹni tí ó fi irú ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ dà bí ẹni tí ó ti Èkó padà sí abúlé. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń palẹ̀ mọ́ ni ó ti ṣírò ìrìn-àjò náà dé ìdí, ìṣirò náà sì ni àsọyé yìí dá lé lórí.

Kì í ṣe àwọn ọmọ wa ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. Láti nǹkan bí ọdún 1910 títí di 1970, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni ó kúrò ní gúúsù lọ sí New York, Chicago, Detroit àti àwọn ìlú ńlá mìíràn. Wọ́n ń sá fún òfin ìyàsọ́tọ̀, fún àwọn tí ń pa ènìyàn láìṣẹ̀, àti fún oko òwú tí kò mú èrè wá fún ẹni tí ń ro ó. Láti àwọn ọdún 1970 ni odò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn padà. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó sá lọ ń padà sí Atlanta, Charlotte, Dallas àti Houston, nítorí pé òfin ti yí padà, iṣẹ́ ti pọ̀, ilẹ̀ sì gbòòrò. Ọ̀nà tí wọ́n là ni àwọn Yorùbá New York ń tọ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 8,804,190 ni a kà ní New York. 2,304,580 ni a kà ní Houston, tí ó jẹ́ ìlú kẹrin ní gbogbo Amẹ́ríkà ní ti iye ènìyàn. Ibi tí ó ní ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn lọ kì í ṣe abúlé.

Owó ilé ni ó ń lé ènìyàn kúrò ní New York. Ní ọdún 2024, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ní Manhattan tí ń san ju 4,000 dọ́là lọ lóṣù. Brooklyn àti Bronx, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, dínwó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ ọrùn. Àwọn onílé ibẹ̀ ní àṣà kan: wọn a béèrè pé kí owó tí ayálégbé ń gbà lọ́dún tó ìlọ́po ogójì owó ilé oṣù kan. Ilé tí owó rẹ̀ jẹ́ 2,500 dọ́là lóṣù ń fẹ́ ẹni tí ń gba 100,000 dọ́là lọ́dún; ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀ yóò wá onígbọ̀wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ti owó-orí. Ìjọba àpapọ̀ ń gbà, ìpínlẹ̀ New York ń gbà, ìlú New York fúnra rẹ̀ tún ń gba tirẹ̀ lórí owó iṣẹ́ kan náà. Ní Texas, ìpínlẹ̀ kì í gba owó-orí lórí owó iṣẹ́ rárá, àwọn olùdìbò ibẹ̀ tilẹ̀ fi í sínú ìwé òfin wọn ní ọdún 2019 pé a kò gbọdọ̀ gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ ń wa bọ́ọ̀sì ìgboro ní New York, ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ wọn jẹ́ mẹ́ta, yàrá tí wọ́n ń gbé sì jẹ́ méjì. Àkọ́bí wọn ti di ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, síbẹ̀ òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó jọ ń sùn ní yàrá kan. Owó tí wọ́n ń san lórí yàrá méjì yìí lè gba odindi ilé oníyàrá mẹ́ta fún wọn ní ẹ̀bá ìlú Houston, pẹ̀lú àgbàlá àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ta ni kò ní í ronú kíkó lọ?

Kí wọ́n tó di ẹrù, irú ilé tí wọ́n ń gbé ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn. Ní New York, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ilé wà tí onílé kò lè fi owó lé bí ó ti wù ú; ìgbìmọ̀ kan ni ń pinnu iye tí a lè fi kún un lọ́dọọdún. Ẹni tí ó ti pẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ di ohun iyebíye mú lọ́wọ́. Bí ó bá fi í sílẹ̀, tí Houston kò sì bá a lára mu, kò ní í bá a níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ó bá padà dé.

Owó ilé ni ó ń pe ènìyàn lọ sí Houston, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ni ó ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu odi ìlú. Láti ọdún 1904 ni ọkọ̀ ojú-irin abẹ́ ilẹ̀ ti ń gbé àwọn ará New York, tọ̀sán-tòru sì ni. Ní ọdún 2025, dọ́là 2.90 ni ènìyàn fi ń ti ìkángun ìlú náà kan dé èkejì, ẹni tí kò ní mọ́tò kò sì pàdánù ohunkóhun. Ọkọ̀ ojú-irin ìgboro ti Houston kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2004, apá kékeré ni ó sì dé. Bọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n ìlú náà fẹ̀ ju ohun tí bọ́ọ̀sì lè kárí lọ. Tọkọtaya tí ibi iṣẹ́ wọn kò bá papọ̀ gbọ́dọ̀ ní mọ́tò méjì, mọ́tò méjì sì ní owó adójútòfò méjì, epo, táyà àti mẹkáníìkì. Kì í sì í ṣe pé ọ̀nà kò sí. Òpópónà tí ó gba ìwọ̀-oòrùn Houston lọ sí Katy, tí a parí fífẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2008, ní ibi tí ó ní ìlà ọkọ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bí a bá ka àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, síbẹ̀ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò kúrò lórí rẹ̀. Ará Èkó tí ó bá dé ibẹ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yóò rò pé òun kò tí ì kúrò nílé.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fi abẹ̀bẹ̀ lé. Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi, owó iná ilé ńlá sì ju ti yàrá méjì lọ. Ẹni tí ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ òtútù ní láti rántí oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí yìnyín bo Texas, tí iná mànàmáná kú fún ọjọ́ púpọ̀, tí ó ju igba ènìyàn lọ sì kú ní ìpínlẹ̀ náà. Omi ni ó burú jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey da òjò lé Houston lórí fún ọjọ́ mélòó kan, omi sì wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé náà ni kò ní adójútòfò ìkún-omi, nítorí wọ́n rò pé èyí tí wọ́n ń san lórí ilé ti kárí rẹ̀. Kò kárí rẹ̀. Ti ìkún-omi dá dúró fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó dá ètò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1968, ó sì sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò wúlò fún ẹni tí ó rí ìjì lókèèrè kí ó tó sáré lọ san án. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjì Beryl tún pa iná ilé àti ilé iṣẹ́ tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ ní àgbègbè náà.

Òtítọ́ ni pé New York náà kò bọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, òjò ìjì Ida pa àwọn ènìyàn tí ń gbé yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ayálégbé ni ó pọ̀ jù ní New York, onílé ni yóò sì tún ilé ṣe. Ní Houston, ìdílé tí ó fi gbèsè ra ilé ni omi yóò bá nílé.

Ìpínlẹ̀ tí kò gba owó-orí lórí iṣẹ́ kò ní í ṣàìgbà á níbòmíràn. Lórí ilé ni Texas ti ń gbà á. Bí ó bá jẹ́ dọ́là méjì lórí ọgọ́rùn-ún, ilé tí iye rẹ̀ jẹ́ 300,000 dọ́là yóò máa san 6,000 dọ́là lọ́dún, èyí tí í ṣe 500 lóṣù, bí a tilẹ̀ ti san gbèsè ilé náà tán. Ìdẹ̀rùn kan wà fún ẹni tí ń gbé inú ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé béèrè fún un.

Ní ti iṣẹ́, ìyàwó inú àpẹẹrẹ wa ni ọ̀nà là fún jù. Àwọn ilé ìwòsàn tí ó wà lójú kan ní Houston, tí a ń pè ní Texas Medical Center, ni ó tóbi jù lọ láyé nínú irú wọn, àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ wa sì pọ̀ níbẹ̀. Ìwé àṣẹ tí New York fún un ni kò lè bá a kọjá. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan láti gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ti ara wọn. Texas wà nínú wọn, ṣùgbọ́n títí dé ọdún 2025 New York kò sí níbẹ̀. Ó ní láti kọ̀wé sí Texas kí ó tó kó ẹrù, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá dé. Ti ọkọ rẹ̀ ni ó le. Yóò rí bọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n ipò àgbà tí ó fi ọdún mẹ́wàá kó jọ, tí ó fi ń yan wákàtí iṣẹ́ tí ó wù ú, kò ní í tẹ̀ lé e. Ọmọ ìkẹyìn ni yóò jẹ́ níbi iṣẹ́ tuntun. Owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní ìlú New York ní ọdún 2025 jẹ́ dọ́là 16.50 fún wákàtí kan. Ní Texas, 7.25 ni, kò sì yí padà láti ọdún 2009. Ó ṣọ̀wọ́n kí awakọ̀ gba iye kékeré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn ibi tí ilẹ̀ wà bí ènìyàn bá ṣubú.

Ẹnìkan ṣì kù tí wọn kì í fi sínú ìṣirò: ìyá àgbà. Ó ti ilé wá láti bá wọn tọ́jú ọmọ, kò sì mọ mọ́tò wà. Ní Brooklyn, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gàrí àti èlùbọ́, ó sì ń rí ẹni tí ó lè kí ní èdè rẹ̀. Ní Houston, ilé tóbi, yàrá tirẹ̀ wà, pálọ̀ gba ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ láìyá gbọ̀ngàn. Àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ní agbègbè Alief àti òpópónà Bissonnet, kò sí ohun ọbẹ̀ tí a ń wá tí a kò rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ àti ìyàwó bá ti gbé mọ́tò jáde láàárọ̀, ìyá di ẹlẹ́wọ̀n inú ilé ńlá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Síbẹ̀, ìdílé tí ó ní ọmọ mẹ́ta nínú yàrá méjì, tí ọ̀kan nínú tọkọtaya ní iṣẹ́ tí ń tẹ̀ lé e káàkiri, ni kíkó lọ náà yẹ fún jù. Ẹni tí ó dá wà, tí kò fẹ́ wa mọ́tò, tí ilé rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ìgbìmọ̀ ń ṣọ́ owó rẹ̀, kò ní ìdí láti yára. Àwọn tí ń lọ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Kí wọ́n lọ wo ìlú náà ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ooru mú, kì í ṣe ní ìgbà Kérésìmesì tí ó tura. Kí wọ́n yá ilé gbé fún ọdún kan kí wọ́n tó rà. Kí wọ́n bi àwọn ará àdúgbò bí omi ti ga tó ní òpópónà náà ní ọdún 2017. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ìyá gbéra títí wọn yóò fi mọ ẹni tí yóò máa fi mọ́tò wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àti ẹni tí yóò máa yà wò ó ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé.