Ìbúra Lábẹ́ Àsíá

   

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ tòní láti Ṣàgámù Interchange. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ló gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin ya lápá kan, ti Abẹ́òkúta ya lápá kejì. Bí oòrùn bá ti wọ̀, awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya á bu omi sínú búùtà, èrò ọkọ̀ Benin á yọ dàbínù lápò, wọn á tò sẹ́yìn ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí, wọn á kírun. Kò sí ẹni tó ń bèèrè ìlú ẹnì kejì. Lẹ́yìn sàlámà, oníkálukú á gun ọkọ̀ rẹ̀, ó di ọ̀nà.

Ní báyìí, àwọn onímọ̀ sọ pé orílẹ̀-èdè náà máa ń ní ohun tó jọ ẹ̀sìn. Robert Bellah, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1967. Ẹ wo tiwa ní Nàìjíríà: a ní àsíá, a ní orin tí a ń dìde dúró fún. Ti 1960 ni a kọ́kọ́ ń kọ, wọ́n pa á dà ní 1978, wọ́n tún dá a padà ní oṣù May 2024. A ní ẹ̀jẹ́ tí àwọn ọmọ iléèwé ń kà, tí ìyáàfin Felicia Adébọ̀lá Adédoyin kọ ní 1976. Nínú gbogbo wọn, wọ́n pe Ọlọ́hun, àmọ́ wọn kò dárúkọ Ànábì kankan. Kò sí mọ́sálásí níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn òbí máa ń bi wá pé, ṣé kò burú kí ọmọ Mùsùlùmí dìde fún orin ìjọba? Ìdáhùn tiwa ni pé dídìde kì í ṣe ìforíkanlẹ̀. Àwọn áláfáà kan wà tí wọn kò gbà bẹ́ẹ̀, a kò ní torí ìyẹn bá wọn jà. Ànábì wa pàápàá, nígbà tó ṣí lọ sí Mọ̀dínà ní 622, ó bá àwọn ìdílé ibẹ̀ àti àwọn Yẹhúdì ṣe àdéhùn pé kí oníkálukú di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú, kí wọ́n sì jọ gbèjà ìlú. Ìlú níní kò ba ẹ̀sìn jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìbúra. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, ní abala kẹwàá, sọ pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Síbẹ̀, òfin kan náà ló kọ ìbúra tí gómìnà àti mínísítà ń bú, Ọlọ́hun ni ìbúra náà sì fi parí. Ọmọ tiwa á gbé Àlùkùránì lọ́wọ́, kámẹ́rà á máa tàn yẹ̀rì, àwa náà á máa ké Allāhu Akbar láti ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé a mọ ohun tí arákùnrin yẹn ṣe? Ó fi Allāh ṣe onídùúró! Ẹ lọ wo Súrà Nahl, āyà 91 àti 92. Ọlọ́hun fi ẹni tó ń da irú ìbúra bẹ́ẹ̀ wé obìnrin kan tó ran òwú tó yi dáadáa, tó wá jókòó tú u ká fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá da ìbúra, Súrà Mā'idah, āyà 89, ní kí ó bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí ó dáṣọ fún wọn, tàbí kí ó dá ẹrú sílẹ̀. Bí kò bá ní agbára, kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ búra èké láti fi gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ìyẹn ju ohun tí oúnjẹ tálákà mẹ́wàá lè fọ̀ lọ. Owó ọsibítù sì rèé, owó ọ̀nà rèé.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun kan tó dùn wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù May 1999 ni wọ́n búra fún ìjọba alágbádá. Kò tíì pé oṣù méjì, ní July, nígbà ọdún Orò ní Ṣàgámù, wọ́n pa obìnrin Háúsá kan tí wọ́n ní ó jáde ní òru. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Háúsá, ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò. Nígbà tí ìròyìn dé Kánò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san lára Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù pa ní Kánò, kí ló kàn án nínú Orò Rẹ́mọ? Òwò obì ló kó àwọn Háúsá wá sí Ṣàgámù, ọ̀pọ̀ wọn Mùsùlùmí ni, a jọ ń kírun Jímọ̀ ni. Ibo ni ẹsẹ̀ tí a fi ń ko ẹsẹ̀ ní sáàfù wà lọ́sẹ̀ náà? Ẹ̀jẹ́ iléèwé kò dá ìjà yẹn dúró, ìrun tí a jọ ń kí kò sì dá a dúró. Ẹ̀yà ló di ẹ̀sìn lọ́sẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ Súrà Hujurāt, āyà 13, ti sọ fún wa pé torí kí á lè mọ ara wa ni Ọlọ́hun ṣe dá wa ní ẹ̀yà-ẹ̀yà.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé Kánò yìí kan náà, ní June 12, 1993, ló dìbò fún M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, tó sì fi Bashir Tofa, ọmọ Kánò, sílẹ̀. Abíọ́lá àti igbákejì rẹ̀, Baba Gana Kingibe, Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì dìbò fún wọn rẹpẹtẹ. Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàrin ìbò yẹn àti ìjà yẹn. Nígbà tí wọ́n tún fi Mùsùlùmí méjì díje ní 2023, ariwo gba ìlú kan. Ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ohun tó bàjẹ́ láàrin wa.

Láti Interchange, Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1987, ibẹ̀ sì ni àwọn olóṣèlú ti ń lọ ya fọ́tò bí ìbò bá ti ń súnmọ́. Awólọ́wọ̀ kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ìjọba rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́kọ́ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn Alálàájì ní 1958. A dúpẹ́ fún ìyẹn. Kí á bu ọlá fún akọni, ó dára. Kí á sọ ibojì di ibi tí a ti ń wá ìbò, ìyẹn la kò fẹ́. Àwọn tí ń fi owó ìlú rán aráalé wọn lọ sí Mẹ́kà ńkọ́? Ẹni tó ní agbára ni Ọlọ́hun ṣe Háàjì ní dandan fún, kò sọ pé kí a fi owó tálákà wá agbára.

Nítorí náà, ẹ̀yin lèmọ́mù wa, bí ọmọ wa kan bá gba ipò tó sì pè wá wá ṣe àdúrà ọpẹ́, ẹ jẹ́ kí á lọ. Kí á jẹ ìrẹsì rẹ̀, kí á ṣe àdúrà fún un, kí á tó dìde, kí á ka āyà 91 yẹn sí i létí, kí á sì túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Bí inú bá bí i, kò burú. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí á tún lọ kà á.

Àsìkò ìṣínu ti ń súnmọ́, wọn á ti máa bu omi ní Interchange báyìí. Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa.