Ìwé Ọ̀fẹ́ fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Linux



Lọ́dún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ó sì fi lé aráyé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀fẹ́ téèyàn ò mọ̀ ọ́n lò, àǹfààní wo ló ní? Àwọn tó ń kọ ìwé fún ọ̀gbẹ̀rì ni mo fẹ́ kí láàárọ̀ yìí. William Shotts wà lára wọn: ìwé rẹ̀, The Linux Command Line, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kà á.

Ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí Linux. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, wọ́n ní kó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ò fi nǹkan kan hàn. Ó rò pé kíbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́ ni. Gbólóhùn kan péré, “Máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń wọlé,” ló máa gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ti mọṣẹ́ dunjú kì í sábà rántí kọ ọ́.

Àtúnṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wá le jù. Àṣẹ ifconfig, tí àwọn ìwé àtijọ́ fi ń kọ́ni bí a ṣe ń wo ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀pọ̀ Linux òde òní ni kì í bá a wá mọ́. Àṣẹ ip ló rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tó bá tẹ ti àtijọ́, tí kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi, kò ní dá ìwé lẹ́bi. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ padà sídìí ìwé, kó tẹ àṣẹ kọ̀ọ̀kan wò, láìsí ẹni tó ń sanwó fún un.

Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó kọ ọ́ lónìí.