Onílù Kan, Ohùn Mẹ́tàlá

Bí ẹ bá ti lọ sí òde ìyàwó rí, tí àwọn onídùndún sì wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ẹni tí ó gbé gúdúgúdú kọ́rùn. Ìyáàlù ni gbogbo ayé ń wò, òun ni ó ń ki ènìyàn, òun ni a ń náwó fún. Ṣùgbọ́n onígúdúgúdú, ohun kan náà ni ó ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, bí ó bá sì dákẹ́, agbo á dàrú. Orin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí dà bí ẹni pé gúdúgúdú nìkan ni ó kù lágbo: gbólóhùn kúkúrú kan tí à ń wí ní àwítúnwí, tí ó sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé àwo ni ó há.

Steve Reich, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní New York ní ọdún 1936, wà lára àwọn tí ó dá irú orin yìí sílẹ̀. Téèpù ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó ti gba ohùn oníwàásù kan sílẹ̀ ní ìlú San Francisco. Ní ọdún 1965 ó fi ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹ̀rọ méjì, ṣùgbọ́n ìrìn ẹ̀rọ méjèèjì kò dọ́gba. Ọ̀kan ń yọ́ síwájú èkejì. Ẹlòmíràn ì bá pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Reich jókòó, ó ń gbọ́. Ní ọdún 1967 ó gbé ọgbọ́n náà lé ọwọ́ ènìyàn, ó kọ Piano Phase fún píánò méjì. Ẹni kìíní dúró lójú kan, ẹnì kejì ń yára díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fi ẹyọ ohùn kan ṣíwájú. Ní 1970 ó lọ sí Ghana láti kọ́ ìlù lọ́dọ̀ àwọn Ewe, àwọn tí ó wà ní Togo pẹ̀lú.

Nígbà tí ó di ọdún 1987, ó kọ Electric Counterpoint fún Pat Metheny, ògbóǹtagí onígìtá. Gìtá mẹ́wàá àti gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ méjì ni a ó kọ́kọ́ gbà sínú téèpù. Lẹ́yìn náà ni ẹni kan ṣoṣo yóò jáde sí gbangba, téèpù ń lọ, òun náà ń ta ìkẹtàlá lé e. Láti inú orin àwọn afunpè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni ó ti mú orin apá kìíní. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà náà jìn!

Onílù ará Japan kan, Kuniko Kato, wá ro ó pé, kí ni ó dé tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ gìtá? Ó sọ ọ́ di ti ìlù, ó sì gbé e jáde nínú àwo ní ọdún 2011. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Okùn gìtá a máa dún pẹ́, ọwọ́ ènìyàn sì lè pa á lẹ́nu nígbà tí ó bá fẹ́. Màrímbà, igi pẹlẹbẹ tí a tò sórí férémù, kì í dún pẹ́. Bí o ti lù ú ni ohùn rẹ̀ ń kú. Ti onírin ní tirẹ̀ a máa pẹ́ jù, bí ohùn púpọ̀ bá sì pàdé, gbogbo rẹ̀ á di ariwo. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní láti mọ èyí tí ó yẹ igi, èyí tí ó yẹ irin, àti irú orí tí kọ̀ǹgọ́ yóò ní, rírọ̀ ni tàbí líle.

Èyí kò tíì jẹ́ ìṣòro tí ó tóbi jù lójú tèmi. Nínú agbo wa, bí ìyáàlù bá fà sẹ́yìn, omele á gbọ́, á sì dúró dè é. Téèpù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọwọ́ rẹ bá kọsẹ̀, ó ti lọ. Àwọn kan sọ pé nítorí èyí, kì í ṣe àjùmọ̀ṣe mọ́, pé ènìyàn ń bá òjìji ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo David Cossin, onílù ará Amẹ́ríkà, tí ó fi Piano Phase ṣe ti ẹni kan. Ó ya fíìmù ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń lu pátákó oníná tí ó ń mú ohùn píánò jáde. Lẹ́yìn náà ó jókòó sẹ́yìn aṣọ fífẹ́lẹ́ tí fíìmù náà ń hàn lára rẹ̀, ó sì ń lu apá kejì. Fíìmù kò lè yẹ̀. Òun tí ó jẹ́ ẹlẹ́ran ara ni ó ń fà kúrò lára rẹ̀, títí ọwọ́ mẹ́rin yóò fi máa lọ sókè sódò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú yín.

Mo dán an wò nílé pẹ̀lú igi méjì àti téèpù. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí etí mi ti fà mí padà sórí ìlù ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá rí àwo Kuniko, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti onígìtá tán, kí ẹ tó gbé ti ìlù sí i.