Sàláwà Àbẹ̀ní: Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Tó Di Ọbabìnrin Wákà

  Bóyá ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Mile 12, bóyá orí ibùsùn lẹ wà, ẹ ki earpiece yín bọ etí dáadáa.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ níbí, tí ẹ gba Ìtòìkín kọjá, Ẹ̀pẹ́ lẹ máa já sí. Tí wọ́n bá dárúkọ Ẹ̀pẹ́, ẹja tútù ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Àmọ́ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1961, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá padà wá mọ ohùn rẹ̀. Alhaja Sàláwà Àbẹ̀ní ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ wọn nítorí pé àwọn ìyá wa fẹ́ràn orin wọn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìtàn wọn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wákà jẹ́. Èdè Haúsá la ti yá ọ̀rọ̀ náà; orin ló túmọ̀ sí. Orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni, ní ibi ìsọmọlórúkọ, ní wòlímọ̀, àti nígbà tí wọ́n bá ń kí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Ẹnì kan á lé orin, àwọn yòókù á gbè é. Batile Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló gbé e kúrò níbẹ̀ bọ́ sí òde ìnáwó ńlá, òun náà ló sì kọ́kọ́ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù wákà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn jáàsì, ẹ mọ bí olórin ṣe máa ń gba orin kan tí á máa yí ohùn rẹ̀ bó ṣe wù ú. Olórin wákà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí gbajúmọ̀ kan bá wọlé, orin á yà, oríkì á bẹ̀rẹ̀, ìlù á sì tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n pa olórí ìjọba, Ọ̀gágun Murtala Mohammed, ní Èkó. Lọ́dún náà gan-an ni àwo orin àkọ́kọ́ tí Sàláwà Àbẹ̀ní ṣe jáde láti ọ̀dọ̀ Leader Records, orúkọ olóògbé náà ni wọ́n sì fi pè é. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: wọn ò tíì pé ọmọ ọdún 16! Àwọn tó kọ ìtàn wọn sọ pé àwo náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lò pẹ̀lú Leader. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ Kollington Àyìnlá, àgbà ọ̀jẹ̀ onífújì, wọ́n sì ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù lábẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ títí di 1994. Ní 1992, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, dé wọn ládé Ọbabìnrin Wákà. Ẹ wò ó, ọkọ lè yí padà, iléeṣẹ́ lè yí padà, orúkọ tí wọ́n fi ohùn ara wọn ṣe kò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ibi tó kàn wá gan-an nìyí, àwa tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ó ku díẹ̀ kí ìyá yìí pé ọmọ ọdún 59, ẹnì kan kàn sí wọn pé fọ́tò ìhòòhò wọn àtijọ́ wà lọ́wọ́ òun. Kí wọ́n sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gbé e síta. Wọn ò san kọ́bọ̀. Àwọn fúnra wọn ló gbé fọ́tò náà sórí Instagram, wọ́n sì sọ fún gbogbo ayé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí ló tún kù tí onítọ̀hún fẹ́ tà? Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá Èkó fi kéde pé ọwọ́ tẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ọ̀rọ̀ náà.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé fọ́tò ara rẹ̀ síta o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtìjú wa ni irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Tí ẹ bá sanwó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún padà wá. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí yín rẹ́. Ẹ fi pamọ́, ẹ fi han ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ sì gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti 2015, irú ìhàlẹ̀ yìí sì wà lára ohun tó kà léèwọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Alhaja ò dákẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọn ò sì dákẹ́ lágbà.

Tí ètò yìí bá parí, ẹ wá orin wọn kan gbọ́. Tí ìyá yín bá wà nítòsí, ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.