Ẹni Tó Wá Wáṣẹ́ Kò Wá Ṣagbe

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ní kí n bá wọn sọ ò gùn: báwo la ṣe ń ṣe sí ẹni tó wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wa?

Ẹ rántí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, 2014. Iléeṣẹ́ Immigration pe àwọn tó ń wáṣẹ́ wá ṣèdánwò láwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Àyè iṣẹ́ tó wà ò pé 5,000, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, wọ́n sì gba N1,000 lọ́wọ́ wọn. Èrò tẹ èrò mọ́lẹ̀ l'Ábújá, ní Port Harcourt àti ní Minna. Ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú, aboyún wà nínú wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n wá, òkú wọn ni wọ́n gbé lọ sílé.

Ẹ lè ní ìjọba nìyẹn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ò jìnnà sí wa: ká máa rò pé ẹni tó nílò iṣẹ́ ò níyì mọ́, pé àsìkò rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iléèwé, kẹ́místì, búrẹ́dì tàbí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá pe èèyàn fún aago mẹ́sàn-án, ẹ má jẹ́ kó jókòó síta di aago méjì. Owó ọkọ̀ tó wọ̀ wá, ó lè jẹ́ pé ṣe ló yá a. Ẹ bi í léèrè iṣẹ́. "Ṣé o ti lọ́kọ? Ìgbà wo lo máa bímọ?" Èwo ló kan ìṣirò tó fẹ́ kọ́ ọmọ níbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo bó ṣe ń kọ́ni, kíláàsì kan tó. Bó bá fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wọn, iṣẹ́ ló ṣe yẹn, ẹ sanwó rẹ̀.

Èyí tó ń dùn wá jù ni "a máa pè ẹ́." Ẹni tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún á máa wo fóònù lójoojúmọ́, kò ní lè gbájú mọ́ ibòmíì. Ẹ kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá, a ti mú ẹlòmíì." Owó rẹ̀ ò tó ti pure water kan.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ máa ń gbé iṣẹ́ sórí WhatsApp ìlú pé ká fi CV ránṣẹ́, a dúpẹ́ púpọ̀. Ẹ bá wa fi iye owó oṣù àti ibi iṣẹ́ sí i. Tí wọ́n bá ti rí èèyàn mú, ẹ sọ fún wa.

Àwa náà ní tiwa: ká tètè dé, ká má purọ́ sínú CV. À ń sọ ìyẹn fún ara wa nípàdé ọ̀dọ́.

Ẹ ń bẹ̀ wá pé ká má sá kúrò nílé. Ẹni tí wọ́n bá fojú tẹ́ńbẹ́lú nílùú rẹ̀, tí ayé rẹ̀ bá dára lọ́la, ṣé ó máa rántí ìlú nígbà ìdáwó? Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹlẹ̀ tútù.

Ìlú wa á tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.